Ère Tó Jẹ́jọ́ Ìpànìyàn

Ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n sin Lampon ni àwọn adájọ́ ìlú gòkè wá sí ojúbọ láti dá ẹjọ́ ère tó pa á. Ère idẹ ni, ère Damasos, akọni tó gba ìlú náà sílẹ̀ nígbà ogun àwọn baba ńlá wọn. Ibi tó ṣubú sí náà ló ṣì wà, ó dojú bolẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá fọwọ́ kan apànìyàn ti pín nínú ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ènìyàn, ìbáà jẹ́ idẹ. Òkú Lampon nìkan ni wọ́n fi ìkọ́ fà jáde lábẹ́ rẹ̀.

Teano, opó Lampon, dúró níwájú èrò, ó ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí ọ̀fọ̀. Òórùn ibẹ̀ ò ṣàjèjì sí i. Lampon ni àwòrò ojúbọ náà, ṣùgbọ́n ìyàwó àwòrò ló ń fọ ẹsẹ̀ ère, ọdún mẹ́rìnlá ló sì fi ṣe é. Òróró, oyin, wàrà kíkan, ẹ̀jẹ̀ àkùkọ, gbogbo rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń dà sí ẹsẹ̀ Damasos. Wọ́n á tún fẹnu kò ó, itọ́ wọn á dàpọ̀ mọ́ ọn, oòrùn á sì sè é pọ̀. Teano á fi ọ̀bẹ ha á kúrò, á máa bì. Lampon ò fi ìka kàn án rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé láràárọ̀, á wá dì mọ́ orúnkún ère, á fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn, á máa fà á bí ọmọdé ṣe ń fa aṣọ ìyá rẹ̀, á máa tọrọ. Ẹnu àdúrà yẹn ló wà tí Damasos fi wó lù ú.

Agias, àbúrò Lampon, ló pe ẹjọ́. Ó ní ọ̀kan nínú méjì ni: bí ère ò bá fúnra rẹ̀ pa ẹ̀gbọ́n òun, a jẹ́ pé Mikon ló pa á. Mikon ni alágbẹ̀dẹ arúgbó tó yọ́ òjé sínú ihò òkúta ìdí ère lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà mì. Ikú ni ìjìyà ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pa àwòrò.

Mikon sún mọ́ òkúta ìdí ère. "Ẹ̀yin bàbá, odidi ìkòkò òjé kan ni mo yọ́ sínú ihò yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọwọ́ bọ̀ ọ́, kí n fi hàn yín."

"O fẹ́ fọwọ́ kan ibi tí apànìyàn dúró sí, kó o tún wá fi ọwọ́ yẹn búra níwájú wa?" Arkias, àgbà adájọ́, ló fèsì. "Dúró síbi tó o wà, jàre."

Adájọ́ kan tó kéré jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ wo ihò náà. Ọ̀rá dúdú ló kún un dé ẹnu, ìdin ń yí nínú rẹ̀. Ó fi aṣọ bo imú, ó yára padà, ó ní òun ti rí i. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló rí.

Thrason tó ń ṣe awọ wà lẹ́yìn èrò. Òun ni Lampon fi Nikaia, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí Teano bí fún un, fún láti fi ṣaya lóṣù méjì sẹ́yìn. Ọkùnrin náà ti sin ìyàwó mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ sì ń rùn ju awọ rẹ̀ lọ. Ó ti wá ránṣẹ́ pé òun ò fẹ́ mọ́, pé òun ò lè fẹ́ ọmọ ilé tí akọni ti ta ẹ̀jẹ̀ bàálé rẹ̀ sílẹ̀. Agias, tó ti wá di olórí ẹbí, náà sì ní kí ọmọ dúró ti ìyá rẹ̀ ná. "Thrason, ìyàwó ti fò lọ o," obìnrin kan wí, àwọn tó yí i ká rẹ́rìn-ín. Nikaia ò sí níbẹ̀. Ó wà nílé nídìí òfì, tí wọ́n so ìṣù amọ̀ rọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ òwú rẹ̀ kó lè nà. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló sọ fún ìyá rẹ̀ pé òwú òun ti ń nà dáadáa, kò lọ́ mọ́.

"Ìyá Nikaia," Arkias wí, "ìwọ lo mọ ẹsẹ̀ yìí jù. Ṣé ó máa ń mì tẹ́lẹ̀?"

Teano wo Mikon. Itọ́ ti ṣàn sí irùngbọ̀n arúgbó náà, kò sì mọ̀.

"Iṣẹ́ Mikon le koko, ẹ̀yin bàbá. Ọ̀bẹ mi ti kán lára òjé yẹn rí. Bó bá ní àléébù, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ mọ̀."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Akéde bi ère lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ, gbogbo èrò sì dákẹ́, wọ́n ń retí èsì. Ìríra wọn mú Teano débi pé ilẹ̀ ló ń wò. Wọ́n dá Damasos lẹ́bi. Wọ́n ní kí wọ́n fi okùn wọ́ ọ kọjá ààlà ìlú, kí wọ́n jù ú sínú òkun. Ẹnu tí wọ́n fi ń kò ó lẹ́sẹ̀ lóṣù tó kọjá náà ni wọ́n fi tutọ́ sí i lára bó ṣe ń lọ. Wọ́n dúńbú ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan, wọ́n wọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ káàkiri láti fi wẹ ilẹ̀ mọ́, wọ́n sì kó iyanrìn àti òkúta dí ihò náà pa.

Mikon kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ Teano mú. Èékánná ọwọ́ náà ti kán tán. Àwọn obìnrin ní ọ̀fọ̀ ló fà á.

"Ọmọ mi, ẹ̀mí mi lo dá padà yìí. Bí wọ́n bá rọ ère mìíràn, ìlọ́po méjì òjé ni màá yọ́ sí i."

"Ẹ dìde, bàbá," Teano wí, ó sì rọra fa ọwọ́ ara rẹ̀ yọ kúrò lọ́wọ́ arúgbó náà.

Nígbà tó délé, ó ní kí Nikaia lọ sinmi, ó jókòó sídìí òfì, ó sì ń fọwọ́ kan àwọn ìṣù amọ̀ tó ń fa òwú sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn, èyí tí kì í ṣe amọ̀, tó jẹ́ òjé Mikon, tí òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀bẹ àti èékánná gbẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ Damasos, tó sì ń fi ọ̀rá dí ààyè rẹ̀, láti ọjọ́ tí Lampon ti fi ọmọ wọn fún Thrason.