Ọbẹ̀ Tútù tí Mùínátù Gbé Lọ Síbi Ìṣínu

Mùínátù fẹ́ràn ìyìn ju bó ṣe yẹ lọ. Kò burú kéèyàn fẹ́ kí wọ́n yin òun, àbí ta ni kò fẹ́? Ṣùgbọ́n ti Mùínátù le. Bí wọ́n bá yìn ín lónìí tí wọn ò yìn ín lọ́la, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Ohun tó bá sì lè gba ìyìn fún un, ó ti dáa lójú rẹ̀ nìyẹn, ìbáà jẹ́ irọ́.

Àdúgbò Lamisula ló ń gbé ní Màídúgùrí, òun àti Làtíì ọkọ rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Monday Market, pẹ̀lú Islamiyyat, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún àdúrà. Màídúgùrí ni wọ́n bí ọmọ náà sí, Haúsá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Àwẹ̀ ọdún yẹn bọ́ sí àárín ooru. Islamiyyat sì ti pinnu pé òun máa gbààwẹ̀ dé ìrọ̀lẹ́ bí àwọn àgbà.

Ooru yìí ló gbé ọbẹ̀ tútù Mùínátù níyì. Á lọ kankana, ìyẹn bàrà olómi tí inú rẹ̀ pupa, mọ́ kùkúmbà, tòmátò àti atalẹ̀. Á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á wọ́n iyọ̀ díẹ̀, á wá gbé e sínú fíríìjì títí á fi tutù nini. Kì í gbé e kaná rárá. Nígbà tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù wọn fẹ́ ṣínu pọ̀, Mùínátù ló kọ́kọ́ nawọ́. "Ẹ fi ti ọbẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Èmi nìkan ni màá ṣe é." Wọ́n ní àwọn á ràn án lọ́wọ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun pín nínú ìyìn.

Ó ti ṣe ọbẹ̀ náà sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Bó ṣe gbé e sí fíríìjì tán ni wọ́n mú iná lọ, iná ò sì dé mọ́. Nígbà tó ṣí i lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìfófò ti bo ojú ọbẹ̀, òórùn kíkan sì gbá a nímú.

"Ìyá Islamiyyat, ọbẹ̀ yìí ti kan," ni Làtíì wí. "Dà á nù. Ra dàbínù lọ fún wọn. Kò sẹ́ni tó máa bú ẹ."

"Èmi Mùínátù, kí n gbé dàbínù lọ? Bàbá Islamiyyat, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín ni?"

"Ta ló máa wá bá ẹ tọ́ ọ wò kó tó dé iwájú wọn? Gbogbo yín lẹ ń gbààwẹ̀."

"Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ látàárọ̀ kì í wádìí adùn," ló dáhùn.

Làtíì rò pé àwàdà ló ń ṣe, ó padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mùínátù gbọ́n ìfófò dànù, ó rọ atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, ó ra yìnyín ní oríta, ó fọ́ ọ sínú kúlà títí òtútù fi bo kíkan náà mọ́lẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ìkà! Ó lọ kankana tuntun díẹ̀, ó bù ú sínú fùlásíkì Islamiyyat.

"Inú èyí nìkan ni kó o ti mu o. O ò gbọdọ̀ mu ti kúlà. Ṣé o gbọ́?"

"To, Mama," ni ọmọ náà fi Haúsá gbà.

Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ, kó má baà tú àṣírí. Ohun tí kò dáa fọ́mọ tiẹ̀ ló gbé lọ fọ́mọ ọlọ́mọ.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n pe ìrun níbi ìṣínu, Mùínátù ń bu ọbẹ̀ kiri, ìyìn sì ń rọ̀jò lé e lórí. Ìyá àgbà kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Islamiyyat, ọbẹ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé kéwú, pé ẹni tó bá fún aláàwẹ̀ ní ìṣínu yóò gba irú láádá aláàwẹ̀ náà. Ó gbé fùlásíkì rẹ̀ fún ìyá àgbà. Lẹ́yìn náà, ó gba ife kan lára ti kúlà, ó mu ún tán.

Nílé, ìyá rẹ̀ rí i pé fùlásíkì ti ṣófo. "O káre. O mu ún tán."

"A'a, Mama. Mo fún ìyá àgbà kan, kí n lè gba láádá. Mo mu ti kúlà. Ó dùn gan-an!"

Kí ilẹ̀ tó mọ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti mú ọmọ. Nílé ìwòsàn, wọ́n bá àwọn obìnrin àsàlátù lórí bẹ́ẹ̀dì àti lórí ẹní. Dókítà bi ìyá ọmọ pé kí ló wà nínú ọbẹ̀ yẹn. "Kankana tútù lásán ni," ni Mùínátù wí. Pẹ̀lú ọmọ tó ń kú lọ lójú rẹ̀, ó ṣì ń gbèjà ọbẹ̀!

Ara àwọn àgbà yá. Ti Islamiyyat kò yá, ọmọ náà kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá àgbà náà wá kí wọn. Ó ń sunkún lójú gbogbo àwọn obìnrin. "Ọlọ́run á fi Alijánnà kẹ́ ẹ. Ọmọ yín ló fún mi ní tinú fùlásíkì rẹ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó ṣe mí bó ṣe ṣe àwọn yòókù."

Àwọn obìnrin wo ara wọn lójú. Kí ló dé tí ti ọmọ fi yàtọ̀? Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n lọ.

"O mọ̀," ni Làtíì wí. "O mọ̀ kó o tó gbé e jáde."

Láti ọjọ́ náà, ọkọ Mùínátù kò pè é ní Ìyá Islamiyyat mọ́. Kò pè é ní nǹkan kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn yìí, àwọn àgbà ti wí i pé ẹni tó gbin èbù ìkà, orí ọmọ rẹ̀ ni yóò hù lé. Oúnjẹ tí o ò lè fún ọmọ rẹ, má gbé e fún ọmọ ẹlòmíràn. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, sọ pé ó bàjẹ́, kó o sì dà á nù. Ìtìjú ọjọ́ kan kì í pani. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ti Mùínátù kò sì ní òpin láyé yìí, nítorí kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè gbé ọmọ dìde nínú sàréè.