Mọ́tò Tó Ń Kí Mi Láàárọ̀

Mọ́tò kankan kì í kọjá ládùúgbò wa mọ́ àfi tí awakọ̀ bá kí àgbàlagbà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tí onítọ̀hún sì dáhùn. Èmi ni mo ń jókòó sí apá tiwa; bí n kò bá dáhùn, mọ́tò náà á kú síwájú ilé mi.

Àwọn awakọ̀ tó ń kánjú ti wá ọgbọ́n sí i. Wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń bá wọn kí ènìyàn. Ládiméjì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìsàlẹ̀ àdúgbò, ní ọ̀kan. Lónìí, ó dá mọ́tò rẹ̀ dúró níwájú mi, ó tẹjú mọ́ fóònù, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ jí dáadáa? Màmá ńkọ́?"

Mo dákẹ́. Ó tún un sọ. Mo ṣì dákẹ́.

Ládiméjì yọrí síta. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn. Mo ti pẹ́."

"Ta ni kí n dá lóhùn? Irin? Bọ́ sílẹ̀, kí o bi mí fúnra rẹ."

Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń kùn. "Ẹ káàárọ̀ sà. Màmá ńkọ́?"

"Mọ́tò pa á níbi tí o dúró sí yẹn, nígbà tí irú yín ṣì ń sáré. Búrẹ́dì ló fẹ́ sọdá lọ rà."

Ó wo ilẹ̀, ó sún kúrò. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò mọ̀."

"Àràárọ̀ lo ń bi mí. Ìwọ fúnra rẹ kò gbọ́ ohun tí ò ń bi mí rí."

Ó wá béèrè orúkọ Màmá. Mo ní Fẹ́hìntọlá ni. Ìgbà náà ni mo tó dá a lóhùn pé mo jí dáadáa, mọ́tò rẹ̀ sì gbéra.