Agolo Kọfí Yannick

Solange, tó ń tọ́ kọfí wò fún iléeṣẹ́ kọfí kan nílùú Romont, gbé ife sẹ́nu, ó dijú.

Gbogbo òṣìṣẹ́ ń wò ó lẹ́nu. Ohun tó bá sọ, abẹ gé e.

Ọdún mẹ́fà ni Yannick, ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀, fi ṣe agolo kékeré oníbébà tí wọ́n ti po kọfí náà, èyí tó ń jẹrà nínú ilẹ̀.

"Màmá, ṣé kò rùn bíi bébà? Ẹ má tàn mí o," Yannick bi í.

"Ó dùn, ọmọ mi. Ẹ gbé e jáde."

Kí oṣù tó parí, àwọn oníbàárà ti ń dá a padà. "Bébà jíjóná lẹ fún wa mu!"

Wọ́n lé Yannick lẹ́nu iṣẹ́.

Ó wá dì mọ́ Solange. "Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́ fún mi, Màmá."

Ó ku oṣù mẹ́rin kí Solange fẹ̀yìn tì.

Láti ìgbà tí àìsàn ti mú un lọ́dún méjì sẹ́yìn, kọfí àti omi gbígbóná ti di ọ̀kan náà lẹ́nu rẹ̀.