Ìdánwò Kẹta Baba Ìbejì

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí àwọn yòókù bá ń rẹjú, Baba Ìbejì á fi ìwé ńlá rẹ̀ há abíyá, á lọ bá Tíṣà ní yàrá kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tíṣà kì í pa ọjọ́ kankan jẹ. Ìgbàkígbà tó bá dé, á bá a níbẹ̀, yóò ti gbálẹ̀, yóò sì ti fẹ̀yìn ti ògiri.

Tíṣà kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa. Baba Ìbejì kì í sì í ṣe ẹni tó ń fi "ẹ" pe ọmọdé. Ẹnu rẹ̀ le, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣí ìwé yẹn báyìí, ohùn rẹ̀ á rọ̀ wọ̀ọ̀. Ìdánwò ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Ìdánwò ìwé-ẹ̀rí àwọn tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra wọn ni. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà nílùú tí ìyàwó àti àwọn ọmọ ń gbé. Ó ti fi àyè kan dè é, ṣùgbọ́n ó ránṣẹ́ pé bí ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí bá tún bọ́, òun á gba ẹlòmíràn. Láti ìgbà tí àwọn ìbejì ti wà nínú oyún ni Baba Ìbejì ti wà níbí, wọ́n sì ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Nígbà tí wọ́n fojú kàn án gbẹ̀yìn, Kẹ́hìndé sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń béèrè pé ta nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

"Ibí yìí ti sú mi, Tíṣà. Ògiri kan náà, ojú kan náà, agogo kan náà."

"Ẹ ṣí ojú ìwé àná," ni Tíṣà dá a lóhùn.

Kò sí kọ̀ǹpútà nínú yàrá náà. Ìdérí ìgò ni Tíṣà fi ń ṣe ẹ̀rọ, á wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láàárín wọn lórí sìmẹ́ńtì, á sì to nọ́ńbà àdírẹ́sì tí wọn ó máa jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ wò ó bí agboolé. Àdírẹ́sì àkọ́kọ́, orúkọ agboolé ni. Ti ìgbẹ̀yìn, igbe tí gbogbo ilé á gbọ́ ni. Àwọn tó wà láàárín nìkan lẹ lè pín fún ẹ̀rọ. Ó yá, ẹ pín in."

Baba Ìbejì pín in. Ó gbé àkọ́kọ́ fún ìdérí ìgò tó sún mọ́ ọn jù.

"Ẹ tún ti fi orúkọ agboolé fún ayálégbé."

"Áà! Orí yìí ti kún, Tíṣà. Ibo ni mo fẹ́ kó o sí?"

"Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kíkà àárọ̀ kọ́ nìyí. Ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìgbẹ̀yìn, ẹ fò wọ́n."

Àṣìṣe yìí gan-an ló gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejèèjì. Láràárọ̀ ni wọ́n ń ka èèyàn níbí, láti orí ẹni àkọ́kọ́ títí kan ẹni ìgbẹ̀yìn, wọn kì í fo ẹnikẹ́ni. Ó ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Baba Ìbejì fa wáyà kúkúrú kan yọ lápò. Tíṣà gbà á. Ó fi eyín bó o, ó to okùn wẹ́wẹ́ mẹ́jọ inú rẹ̀ ní àwọ̀ àwọ̀, kò tilẹ̀ wò ó.

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti fọwọ́ kàn án," ló wí.

"Ibo lẹ ti kọ́ gbogbo èyí ná?"

"Ó ti pẹ́. Ohun tí mo mọ̀ yìí náà ló gbé mi débí."

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Baba Ìbejì ká wáyà náà sápò, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa gbogbo èérún rẹ̀ nílẹ̀. Kò fi èyí tó gùn tó ìka sílẹ̀. Tíṣà náà kò tọrọ rẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, ó rẹ àwọn méjèèjì.

"Bí ọ̀nà kan bá dí ńkọ́?" ni Tíṣà béèrè.

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀rọ̀ á gba ibòmíràn lọ."

"Ẹ̀rọ tí kò mọ ẹnu ọ̀nà ńkọ́?"

"Àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan ni yóò máa bá sọ̀rọ̀. Ará ìta ò ní gbọ́ ọ." Baba Ìbejì pa ìwé dé. "Tíṣà, bí mo bá yege, mo ń lọ nìyẹn. Kí lẹ ó wá máa ṣe lọ́sàn-án?"

"Màá máa sùn bíi tàwọn yòókù."

Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó ń bá Tíṣà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ṣọ́ọ̀kì ilẹ̀ rẹ́, ó fa ìlà tuntun.

"Ẹ pín in lẹ́ẹ̀kan sí i," ló wí.

Wọ́n fún Baba Ìbejì láyè ọjọ́ kan. Ó wọ ẹ̀wù ara rẹ̀, ó jáde lọ. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó tún yọjú sí yàrá náà, kò sì mú ìwé lọ́wọ́.

"Ìbéèrè agboolé yẹn wá," ló wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ fún ta ni àkọ́kọ́?"

"N ò fún ẹnì kankan. Mo yege, Tíṣà."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó tún rẹ́rìn-ín, ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ máa lọ," ni Tíṣà wí. "Ẹ bá mi kí Kẹ́hìndé."

Agogo lù. Baba Ìbejì bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn onírin náà dé, ó tì í mọ́ Tíṣà lórí gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń tì í lójoojúmọ́, ó sì gba ọ́fíìsì ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ láti dá kọ́kọ́rọ́ àti aṣọ wọ́dà rẹ̀ padà.