Táyà Tó Ń Kùn

Aránṣọ ò lè jókòó.

Ó ń yí bọ́ọ̀sì ẹ̀ ká bí adìyẹ tó fẹ́ yé.

Wọ́n ti so sólà mọ́ òrùlé bọ́ọ̀sì náà, bátìrì sì ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì inú ẹ̀. Ó ku táyà.

Mẹkáníìkì yí ọ̀kan jáde. "Màmá, èyí ò ní ariwo rárá. Bí ẹni ń rìn lórí òwú ni."

"Gbé e padà. Èyí tó ń kùn lójú títì ni mo fẹ́."

"Há! Ẹ̀yin nìkan lẹ ń fowó ra ariwo."

"Fáànù inú bọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́? Tí mo bá pa ẹ́ńjìnnì, kò gbọdọ̀ dákẹ́ o."

"Sólà á gbé e, mà."

Àbúrò ẹ̀ obìnrin fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ẹ̀dì, iná, fáànù… Ṣé ẹ fẹ́ kọ ọkọ yín ni?"

"Wọlé sínú bọ́ọ̀sì jàre."

Wọ́n wà á délé. Ó fọn fèrè.

Ọkọ ẹ̀ jáde tòun ti ojú tó pọ́n bí ata. Ó gun bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn, ó nà gbalaja.

Ọgbọ̀n ọdún lòun àti awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi wa tírélà: bí ọ̀kan bá ń wà á, èkejì á máa sùn lẹ́yìn. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò rí oorun gidi sùn nínú ilé tó dákẹ́.

Táyà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Wọn ò tíì dé ìkóríta tí ọkọ ẹ̀ fi ń hanrun.

Àbúrò nu omijé ojú ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ibo là ń lọ?"

"Ibi tó bá jí sí."