Ọ̀sẹ̀ Méjì Orest

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Orest fi ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ̀ sórí tábìlì Ìyáàfin Tulloch. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù ìṣó àti ọ̀dà tí olóògbé ọkọ obìnrin náà fi sílẹ̀ fún un, ní ìlú kékeré kan ní Manitoba. Obìnrin náà ka ìwé náà, ó sì fi pẹ́ńsùlù pupa sàmì sí ọjọ́ Ẹtì kan lórí kàlẹ́ńdà.

"Ọ̀sẹ̀ méjì. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́."

"Ẹ ò lè dín in kù?"

"Èmi ni mo ṣe òfin náà, Orest."

Inú bí Glenda tó ń gbowó nídìí káńtà. Òun náà ti rí òfin obìnrin yìí. Nítorí pé ọ̀gá kò gbọdọ̀ fẹ́ òṣìṣẹ́, Curtis, tó jẹ́ ọ̀gá Glenda ní ṣọ́ọ̀bù náà, ní láti lọ wá iṣẹ́ síbòmíràn kó tó lè fẹ́ ẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ ń sáré lọ gan-an?"

"Mo gbọ́dọ̀ débì kan ní Sátidé yẹn, aago mẹ́wàá àárọ̀."

"Iṣẹ́ tuntun! Wọ́n á sanwó dáadáa?"

"Owó kẹ̀? Oúnjẹ nìkan ni."

"Ẹ ti gbọ́n jù! Tó bá wá sú yín ńkọ́, ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ máa fún wọn?"

"Wọn kì í gba ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ níbẹ̀," ni Orest wí, ó sì ń to agolo ọ̀dà lọ.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì náà dé, Orest tọrọ ààyè láti lọ ní ọ̀sán. Kóòtù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ télọ̀ ní ìlú Brandon, aago márùn-ún sì ni télọ̀ ń ti ilẹ̀kùn.

"Aago mẹ́fà," ni Ìyáàfin Tulloch dá a lóhùn.

Glenda gé kéèkì ìdágbére tó sè. Ìyáàfin Tulloch kò tọ́ ọ wò.

"Ṣé òfin ló de kéèkì náà ni, mà?"

"Aṣọ mi ló ti fún," ni obìnrin náà wí. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó jáde, kò sì padà títí aago márùn-ún fi kọjá. Glenda wo Orest tó ń gbálẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe é.

Nígbà tí aago lù mẹ́fà, Ìyáàfin Tulloch buwọ́ lu ìwé Orest, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó fẹnu kò ó lẹ́nu lójú Glenda, ó ní, "Kóòtù rẹ wà nínú ọkọ̀ mi, olówó-orí mi, má pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la o."