Ègbè Inú Etu

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà, inú Etu ló wọ̀ sí. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń gbé ibẹ̀. Ewé tí Etu bá jẹ, àwọn ni wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń fún oje rẹ̀ jáde. Oje náà ni ara Etu fi ń mọ ẹran, òun náà ló fi ń ṣe wàrà fún Àyọ̀ká, ọmọ rẹ̀. Bí Etu bá ń kọrin fọ́mọ, wọ́n á máa gbè é:

Àyọ̀ká, sún mọ́ mi,
*Kùn-ùn, kùn-ùn.*
Wàrà ń bẹ lọ́mú,
*Kùn-ùn, kùn-ùn.*

Etu kò mọ̀ pé ègbè ni. Ó ní, "Mo gbà yín sílé, mò ń bọ́ yín, ẹ tún ń kùn sí mi?" Ó hú egbò kan tó korò, ó jẹ ẹ́, ó fi pa gbogbo wọn. Inú rẹ̀ pa lọ́lọ́. Inú rẹ̀ sì dùn.

Láti ìgbà náà, Etu ń jẹ ewé ní àjẹyó, àmọ́ ẹran ń tán lára rẹ̀, ọmú rẹ̀ sì gbẹ. Àyọ̀ká fà á títí. Ó ní, "Ìyá mi, kò jáde." Nígbà tó yá, kò fà á mọ́.

Etu fi imú ti ọmọ rẹ̀, kò mira. Ó gbé orin:

Àyọ̀ká, sún mọ́ mi…

Ó dúró, ó ń retí kùn-ùn; ìgbà náà ló tó mọ̀ pé ègbè ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ àlọ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a gbè é.